Bí Tún-un-sọ Ṣe Kọ́ Olùkọ́ Rẹ̀ Lọ́rọ̀

Ní yunifásítì tí mo ti ń tọ́jú ìwé, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí àyà rẹ̀ kì í já bó bá rí Tún-un-sọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni obìnrin náà nínú ìmọ̀ ìró èdè: bí ahọ́n ṣe ń kan èrìgì, bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá pe ìró tí kò dùn mọ́ ọn létí, á yọ awò ojú rẹ̀, á ní, "Tún un sọ." Ẹni náà á sì máa tún un sọ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi orúkọ náà sọ ọ́.

Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá tí a ń pè ní Olùkọ́. Ìyá Tún-un-sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà yẹn. Á wá sí ibi ìkàwé wa lọ́sàn-án, á ṣí ìwé sílẹ̀, kò ní kà á, á kàn máa wo ojú fèrèsé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, bàbá kan wà tí a máa ń lọ jókòó tì láàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Ó wò mí títí, mo rò pé á ní kí èmi náà tún un sọ ni. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé mi.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ọ̀dà ni ilé Olùkọ́ wà. Yàrá gígùn kan báyìí ni, ẹní kún ilẹ̀, bàtà kún ẹnu ọ̀nà. A óò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a óò kọrin òwúrọ̀, Olùkọ́ á sọ̀rọ̀ ṣókí nípa Ọlọ́run àti nípa ìwà, a óò wá mu tíì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adájọ́ ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó máa ń sọ pé òun ti dájọ́ fún èèyàn tó, ó wá kù kí òun gbọ́ wọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tún-un-sọ da ìbéèrè bò ó. Níbo ni àwọn òkú ń lọ? Ṣé ìyá òun ń gbọ́ òun? Báwo ni Olùkọ́ ṣe mọ̀?

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n jókòó, ká jọ máa wá a."

Tún-un-sọ bú sẹ́kún. Kó tó nu ojú tán, ẹ̀rín ti gbà á. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo ti lò láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, mi ò tíì rí ẹni tó sọ pé òun ò mọ̀, tí ojú ò sì tì í."

Bó ṣe di ara wa nìyẹn. Ká tó mọ̀, òun ló ń fọ ife lẹ́yìn tíì, ó ń ká ẹní, ó ń fi ohùn rẹ̀ tí kò dùn rárá kọrin sókè. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀jọ̀gbọ́n ìró èdè ò mọ orin kọ. Ọkọ rẹ̀, tó ń yàwòrán ilé, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bá mi bẹ Olùkọ́ kó gbé ẹní rẹ̀ wá sí kíṣìnnì wa, bóyá wàá máa fọ ife tiwa náà." Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, pé orí rẹ̀ ti dà rú. Kò tilẹ̀ yíjú sí wọn.

Ọdún kan tí òjò tètè dé ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Olùkọ́. Ó ti ilé ìwòsàn dé, ó ń fi ọ̀pá rìn, gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń yé e, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ pe nǹkan, "bá-bá-bá" ló ń jáde, á wá fi ọwọ́ lu itan rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Àwọn kan láàárín wa ò wá mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn sì dé láti wá mú un lọ.

"Àǹtí," ló wí fún Tún-un-sọ, "kí ni bàbá mi fẹ́ máa ṣe níwájú àwọn èèyàn tí kò lè bá sọ̀rọ̀?"

Tún-un-sọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Fún mi láyè títí àkókò òjò á fi parí."

Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Olórí ẹ̀ka wọn fa ojú ro: "Ẹ fẹ́ fi ìwé tí ẹ ń kọ sílẹ̀ nítorí bàbá kan?" Ó ní, "Bàbá mi ni, sà." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Bó ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Olùkọ́. Ó gbé dígí síwájú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí ètè. "Omi. Ẹ tún un sọ, sà. Omi." Bàbá ń làágùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sùúrù tán, bàbá ju ìrọ̀rí lu dígí. Tún-un-sọ pa dígí náà tì, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Mo gbé tíì wọlé, mo rọra gbé e jáde padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa díẹ̀ tó kù ń kọ orin wa, Tún-un-sọ ń fọ ife lẹ́yìn. A dé ibi "Ilẹ̀ ti mọ́, a dúpẹ́." Ohùn kan jáde láàárín wa, ó há, ṣùgbọ́n ó já gaara: "a dúpẹ́." Ife bọ́ lọ́wọ́ Tún-un-sọ.

"Ẹ má dákẹ́!" ló pariwo. "Ẹ máa kọ ọ́ lọ!"

Olùkọ́ kọ ọ́ tán, omijé ń dà lójú rẹ̀. Tún-un-sọ sáré lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn: ọ̀rọ̀ á lọ, orin á kù. Ló bá pa ọgbọ́n tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní ṣebí orin ni èdè wa tẹ́lẹ̀. Kí bàbá má ì pe ọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ kùn ún. "Omi": re, re. "Ẹ wá": re, mí. "Ẹ jókòó": re, mí, dò, mí. Bí ohùn bá ti jókòó dáadáa, kó wá fi ètè pè é.

Ọ̀rọ̀ wá di eré fún wa. Gbogbo ilé ń kùn. Bí mo bá fẹ́ ṣúgà, mo ní láti kùn ún kí wọ́n tó fún mi. Ọkọ Tún-un-sọ wá wò wá lọ́jọ́ kan, ó kun ọ̀rọ̀ kan, ìyàwó rẹ̀ gbá a léjìká, títí dòní wọn ò sọ ohun tó kùn fún wa. Ọkùnrin tó ń ta ọ̀dà yọjú láti ojú fèrèsé: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé oyin ló wọ ilé yín ni?" Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun náà ti bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ti sá lọ ń padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ń tì wọ́n, a sì ń fún wọn ní tíì.

"Omi" ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà, tó wá wò ó lọ́jọ́ yẹn, gbọ́ ọ, ó dúró gbọn-in, ó ní, "Ẹ tún pè mí, Bàbá." Bàbá pè é ní àpètúnpè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Tún-un-sọ ní kó gbìyànjú odindi gbólóhùn kan níwájú gbogbo wa. A ti ń retí àdúrà. Olùkọ́ kùn ún sínú, ó gbé orí sókè, ó wò ó lójú.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí, ketekete, "jọ̀ọ́, jẹ́ n sinmi."

Ilé dà rú! A rẹ́rìn-ín títí ìhà ń dùn wá. Tún-un-sọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Nọ́ọ̀sì ò mú bàbá lọ mọ́. Òun gan-an ló kó ẹrù wá, ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta láàárọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń wọ̀ wá lára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tún-un-sọ padà sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé, ilé Olùkọ́ ni ẹ óò ti bá a, pẹ̀lú àwọn tí àrùn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Olùkọ́ á jókòó tì wọ́n, á máa bá wọn kùn.

Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lára wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á wá, kò lè pe ohunkóhun nígbà yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà dé, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gbà á padà o," ló wí. "Láti àárọ̀ ló ti ń ṣàròyé ọbẹ̀ mi."

Ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Iyọ̀ ti pọ̀ jù."

Gbogbo wa pátá la pàtẹ́wọ́ fún un.