Ìkíni Tó Kù Díẹ̀ Kó Pa Mí

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Muṣin, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró ìbọn, mo rò pé táyà ló bẹ́ ní ìsọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Sójà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí èmi àti ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó fà mí wọ yàrá, ó ní kí èmi àti ìyá mi dojú bolẹ̀. Ìjà àdúgbò méjì ti di ti ìbọn. N kò ní dárúkọ wọn. Àwọn kan ṣì ń gbé níbẹ̀.

Lásìkò ogun abẹ́lé, iṣẹ́ Bàbá Sójà ni kó dùbúlẹ̀ sínú igbó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó máa ṣọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kó sì yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ fún wa kò ju "Ohun tó bá mira ni ojú ń rí" lọ. Èmi a sì máa sín in jẹ tí a bá ń ṣe bojúbojú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń yìnbọn, láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn kò tíì parí ní òdìkejì títì. Ìdùbúlẹ̀ la wà tí a fi mu gàrí. Ó ń dà sí mi lọ́rùn. Kò pẹ́ ni Alhájì, onílé wa, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú ìbọn ọdẹ kan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n: ọmọ tó bá wà nílẹ̀ kí àgbà, ẹgba ni. Mo dìde kí n lè kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ káàsán, sà." Bàbá Sójà gbá mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú. Ọta fọ́ gíláàsì fèrèsé, ó wọ ògiri níbi tí orí mi wà kí n tó ṣubú.

"Ṣé ìkíni máa sá lọ ni?" Bàbá Sójà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó tẹ orí mi mọ́lẹ̀.

Alhájì na ìbọn náà fún un pé kó gbà á. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa mú un balẹ̀. Ọta kan péré ló máa gbà yín."

"Mo mọ̀. Ẹni tí mo yìnbọn pa kẹ́yìn, mo ṣì ń rí ojú rẹ̀. Ẹ gbé ìbọn yẹn sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà dùbúlẹ̀."

Alhájì dùbúlẹ̀ tòun ti agbádá. Ẹ̀rín pa mí. Ìyá mi já mi ní èékánná.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi rákò nínú ilé. Àwọn aládùúgbò ń pariwo pé ó ti tán, Bàbá Sójà ní rárá. Lọ́jọ́ kẹta ni ọlọ́pàá mú ẹni tó ń yìnbọn náà sọ̀kalẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rù hangogo. Àwọn èèyàn ti gbé igi àti òkúta.

Lóde òní, fóònù ni gbogbo wa á gbé sókè láti ya fídíò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, Bàbá Sójà ló jáde sí gbangba, ó dúró síwájú ọmọ náà, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ jùkò, èmi ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lù." Kò kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi gbé e lọ.

Ìyá mi wá ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ní kí n lọ pọn omi.