Kọ́bọ̀ Aláwọ̀ Wúrà Nínú Àwo Ìsọmọlórúkọ

Bí ẹ bá ti gbé ilé tí wọ́n ti ń se ọṣẹ rí, ẹ ó mọ òórùn kọ́sítíìkì gbígbóná, bó ṣe máa ń ta ènìyàn nímú títí dé ọ̀fun. Òun ló gba gbogbo ilé ìdáná wa ní Ìsọlọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan. Owó epo rọ̀bì ti wọ̀lú nígbà náà, rédíò wà ní yàrá gbogbo, bátìrì tó ti kú sì wà káàkiri àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kọ́ kẹ́mísírì níléèwé, tú ọ̀kan, ó gé síńkì ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sè é nínú omi kọ́sítíìkì, ó sì ju kọ́bọ̀ pupa kan sí i. Kọ́bọ̀ náà funfun báláú. Ó fi ẹ̀mú gbé e sórí iná sítóòfù, ó sì pọ́n bíi wúrà lójú wa. Mo pariwo.

"Pa ẹnu ẹ dé, jàre," ló fi ẹ̀rín wí. "Bàbà àti síńkì ló wọnú ara wọn. Kì í ṣe wúrà gidi."

Ìyàwó tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó lóyún, ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá a pọn omi. Ó bímọ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ mọ bó ṣe rí níbi ìsọmọlórúkọ: kálukú ń ju owó sínú àwo omi, ó ń fún ọmọ lórúkọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi ju kọ́bọ̀ aláwọ̀ wúrà náà, ohun tó rẹwà jù lọ́wọ́ rẹ̀, sí i, ó ní, "Wúràọlá."

Ìyá ọkọ ìyàwó náà, tó ti Èkìtì wá tọ́jú ọmọ, fa kọ́bọ̀ náà yọ. "Ta ló ni èyí? Kọ́bọ̀ wo ló rí báyìí?"

"Èmi ni, mà. Mo pa àwọ̀ rẹ̀ dà ni."

"Ẹn-ẹ́n! Kí lo tún fẹ́ pa dà? Orí ọmọ ọmọ mi?"

Ohun tó ń sọ yé mi, torí kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa àwọn tó ń fi owó pààrọ̀ kádàrá ọmọ ọwọ́. Ìyá àgbà da omi náà nù. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé bí wọ́n bá fojú ara wọn rí bó ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ á tán. Ó gbé sítóòfù wá sí àgbàlá. Níṣojú gbogbo ilé, kọ́bọ̀ mìíràn funfun, ó sì pọ́n.

"Àǹtí, ẹ bá wa sọ kẹ̀kẹ́ mi di mọ́tò náà o," ayálégbé kan wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ ní irọ́ ni mò ń pa. Ó mọ̀ ọ́n ṣe!"

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wá sẹ́nu ọ̀nà wa, kò gbé ọmọ dání. Ó ti sunkún. "Mo mọ̀ pé o ò lè ṣe ọmọ mi ní ibi," ló wí. "Ṣùgbọ́n má gbé e mọ́. Jọ̀ọ́." Ẹ̀gbọ́n mi kàn mi orí. Títí a fi kó lọ sí Òkótà ni wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá rákò dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹnì kan á sáré wá gbé e.

Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú sí ìyá ọmọ náà. Ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tèmi lé mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi: kò gba ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́, àmọ́ kò lè fi ọmọ dán an wò. Mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti yíjú padà, tó dúró, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ gba ọmọ.