Yàrá Ìyá Mi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Igi Ọsàn

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni ìyá mi ti ń gbé lóko. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, mo mú un padà wá sílé wa n'Ígbó-Ọrà. Ó ní ariwo àwọn ọmọ mi pọ̀, òun fẹ́ ilẹ̀kùn tí òun lè tì fúnra òun. Mo bá gbà láti kọ́ yàrá kan àti ilé ìyàgbẹ́ fún un lẹ́yìnkùlé.

Mo rò pé owó sìmẹ́ńtì ni yóò yọ mí lẹ́nu. Òótọ́ ni, iye tí wọ́n bá pè lónìí kọ́ ni wọ́n ń pè lọ́la. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi làágùn. Nítorí yàrá kan ṣoṣo, wọ́n ní àfi kí n ya pláànù, kí n sanwó òǹtẹ̀, kí n fi àyè sílẹ̀ níbi ògiri aládùúgbò, kí ihò ìgbẹ́ sì jìnnà sí kànga. Inú bí mi. Mo ní ṣé àwọn ló bá bàbá mi ṣán igbó ibẹ̀ ni? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ìwé rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ má bínú. Tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ láìgbàṣẹ, ọ̀dà pupa la máa fi kùn ún, ẹ̀yin náà lẹ máa wó o."

Mo sanwó. Kí ni kí n ṣe?

Lọ́jọ́ tí bíríkìlà na okùn ìpìlẹ̀, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ àgbà agboolé wa báyìí, tẹ ọ̀pá jáde. Ó ní kí wọ́n sún okùn kúrò nídìí igi ọsàn. Mo béèrè ìdí. Ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi tó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àbúrò bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìkejì rẹ ló wà níbẹ̀."

Ìbejì ni wọ́n bí mi. Ìkejì mi kò tíì mọ ìrìn rìn tó fi lọ. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í fi ibojì ọmọ han ìyá tó bí i. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ nìkan ló mọ ibẹ̀, wọn kò sì sọ ọ́ rí. Tí a bá sún síwájú, ògiri aládùúgbò nìyẹn, ọ̀dà pupa ń dúró dè wá. Tí a bá sún sẹ́yìn, kànga ni. Àfi kí yàrá náà kéré débi pé bẹ́ẹ̀dì nìkan ni yóò gbà, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti ń sọ ibi tí yóò gbé àpótí aṣọ rẹ̀ sí.

Mo lọ bá a, mo parọ́. Mo ní búlọ́ọ̀kù ti wọ́n sí i, yàrá yóò dín kù.

"Ṣé nítorí igi ọsàn ni?"

Mo jókòó tì í.

"Wọ́n gbé e lọ lálẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́, bàbá rẹ ti gbin ọsàn. Àgbẹ̀ wo ló ń gbin ọsàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Èmi ni mo ń bomi sí i kó má baà kú." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ẹ jẹ́ kó kéré. Fèrèsé ni kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí ibẹ̀."

A kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Pálọ̀ wa ni àpótí aṣọ rẹ̀ wà títí dòní. Ìgbà tí mo ń kun fèrèsé náà ni mo rántí, tí omi sì bọ́ lójú mi, pé ìyá mi kò jẹ ọsàn igi yẹn rí. Tí a bá ká a fún un, á ní ó kan. Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré mọ̀ pé dídùn ló dùn.