Àpótí Abẹ́rẹ́ Mùínátù

Mùínátù, nọ́ọ̀sì ará Ìjẹ̀bú-Òde, máa ń fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi kékeré láti Ìwópin, kó lè gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sọdá ọ̀sà.

Lọ́jọ́ kan, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá, torí yìnyín inú àpótí abẹ́rẹ́ ti ń yọ́. Ó ki àpótí náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, ó sì bẹ́ sí eré. Ni iwájú ọkọ̀ bá gbéra sókè, ìdí rẹ̀ ń rì, omi ń ta wọlé.

Apẹja àgbàlagbà kan tó wà nítòsí pariwo: "Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra! Ìdí ọkọ̀ yín ló wúwo jù. Ẹ gbé àpótí yẹn síwájú!"

"Bàbá, mi ò lè fi í sílẹ̀ o!"

"Ṣé ìsàlẹ̀ omi lẹ wá fẹ́ gbé e lọ ni?"

Mùínátù dín eré kù, ó ti àpótí náà síwájú, ó padà jókòó, ó sì tún bẹ́ sí eré. Ọkọ̀ náà tẹ́jú, ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kò yéé na ọrùn wo àpótí títí tó fi gúnlẹ̀. Yìnyín ṣì kù nínú rẹ̀.