Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Àwọn Fẹ́ Rí Ẹnu Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìlú Òyìnbó ló fi ọ̀rọ̀ gún mi lọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mò ń kọ́ ní kéwú lórí ẹ̀rọ, kò tíì lè pe dọ́ọ̀dù, háráfì tó wà ní ìparí Fátíhà, bó ti yẹ.

"Ohùn rẹ nìkan ló ń gbọ́, kò rí ẹnu rẹ. Tí a ò bá rí ẹnu rẹ ní aago márùn-ún òní, ará Íjíbítì kan ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́la. Kámẹ́rà tiẹ̀ mọ́ kedere."

Ará Íjíbítì! Fún ọmọ ilé wa, ilé tí bàbá wa ti máa ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa mú kí a lè wo ètè òun!

Kámẹ́rà kọ̀ǹpútà mi ti kú. Kò pé oṣù kan tí mo ra kọ̀ǹpútà náà ní Post Office, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ àlòkù, tí kámẹ́rà rẹ̀ fi kú, ẹni tó tà á sì ní n kò bi òun bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo wá gbọ́ pé èèyàn lè fi fóònù ṣe kámẹ́rà fún kọ̀ǹpútà láìlo wáyà: áàpù kan nínú fóònù, ìkejì rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì á sì rí ara wọn. Mo ṣe é. Wọn kò rí ara wọn. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yọ áàpù kúrò, mo dá a padà. Títí mo fi kírun Àílà ọ̀sán, ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà ń kọ: kò rí fóònù kankan.

Ìyàwó mi yọjú. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ṣe kúkú fi fóònù pè wọ́n tààrà?"

"Ojú ìwé ńkọ́? Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń fẹ Àlùkùránì lójú fún ọmọ náà, tí mò ń fi pupa fa ìlà sí i."

"Ó yé mi. Ìjà lẹ fẹ́."

Ìjà ni lóòótọ́. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe áàpù náà. Ẹ̀sùn méje, gbogbo wọn ní nọ́ńbà, ẹ̀ka méjì lábẹ́ ẹ̀kẹrin. Mo lo àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ní yunifásítì tí n kò tíì ríbi lò láti ìgbà náà. Èsì dé kíákíá, gbólóhùn kan ṣoṣo: ṣé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni fóònù àti kọ̀ǹpútà yín wà?

Inú bí mi. Mo fèsì pé orí tábìlì kan náà ni wọ́n wà, wọn kò jìnnà síra ju ìka mẹ́rin lọ. Mo fi ìwọ̀sí kún un, ẹ̀sùn kẹjọ.

Ìyàwó mi mú fóònù náà. "Waifai ta lẹ̀ ń lò yìí?"

"Tiwa ni."

"Tiwa kọ́. Ti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé ni."

Lóòótọ́ ni. Ará Ọ̀mù-Àrán tí ilé wọn ti tiwa ló jẹ́ kí n wọ Waifai wọn nínú oṣù àwẹ̀ tó kọjá, nígbà tí tiwa daṣẹ́ sílẹ̀ tí mo fẹ́ wo tàfísírì, wáàsí ìtumọ̀ Àlùkùránì. Láti ìgbà náà ni fóònù mi ti ń fo ògiri lọ síbẹ̀. Orí tábìlì kan ni àwọn méjèèjì jókòó sí, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Dátà oní-dátà ni mo sì ń jẹ, èmi olùpẹ̀jọ́.

"Ẹ̀sùn kẹsàn-án ńkọ́?" ni ìyàwó mi bi mí.

Mo dá fóònù padà sórí Waifai tiwa. Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwòrán dé.

"Sún mọ́ ọn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Yanu."

Mo yanu. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló máa ń fara ti àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn lókè.

"Eyín wo?" ni ẹ̀gbọ́n mi ké. "Ibẹ̀ ti ṣófo! Ìgbà wo lo yọ eyín tí o ò sọ fún wa?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. N kò sọ pé èyí tó dára ni wọ́n bá mi yọ, tí wọ́n fi èyí tó ń dùn mí sílẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà nípa ìyẹn náà. Mo kàn yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí fóònù.

"Apá òsì, ẹ̀gbọ́n mi. Apá òsì ló tiẹ̀ rọrùn jù."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ mi, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tiẹ̀, ó sì pe dọ́ọ̀dù. Ó wúwo, ó kún ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà fún mi. "Ó dáa. Màá ní kí ará Íjíbítì ṣì ní sùúrù. Aago márùn-ún lọ́la. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n yọ ti òsì."