Géètì Tí Wọ́n Kọ́ sí Ọ̀nà Odò

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára aṣọ funfun kan tí wọ́n ta mọ́ ògiri: “Ohùn Ará Ilé Ni Ká Kọ́kọ́ Gbọ́.” Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Tremont, lókè òkun níbí, ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti ń ṣèpàdé, mo sì gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ti St. Albans tí mò ń gbé wá, torí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa bá wa sọ̀rọ̀ láti abúlé. Wọ́n ti so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kí gbogbo wa lè rí òun àti àwọn ará abúlé.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ sọ. Odò ló wà láàárín abúlé wa àti ilé ìwòsàn, tí òjò bá sì ti dé, odò náà á bo pákó tí wọ́n fi dábùú rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi lóyún, àsìkò òjò ni yóò bí. Àwọn ará abúlé ti kó òkúta àti yanrìn jọ láti fi kọ́ afárá, àwọn ọ̀dọ́ wọn ló máa ṣiṣẹ́ afárá náà fúnra wọn. Sìmẹ́ǹtì àti irin nìkan ni wọ́n fẹ́ kí a bá wọn fi kún un.

Àwọn ìgbìmọ̀ wa ní tiwọn ti kó sínú ìfẹ́ géètì. Géètì ràgàjì ni, lójú ọ̀nà odò yẹn kan náà, tí orúkọ gbogbo ìgbìmọ̀ á wà lókè rẹ̀. Kò sí ọgbà, kò sí ògiri tí wọ́n fẹ́ so ó mọ́. Ẹni tí kò bá wù ú láti gba abẹ́ rẹ̀ lè gba inú oko ẹ̀gẹ́ wọlé.

A gbàdúrà, a kọrin ìlú. Wọ́n ń pe àwọn ẹni ńlá jókòó níwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti oyè wọn, títí tó fi kù díẹ̀ kí a má rí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún wọn nísàlẹ̀. Àwọn ará abúlé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò wá, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tiwọn. Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn wọn. Alága bínú, akọ̀wé sì pa ohùn fóònù náà pátá, tiwọn àti tiwa. Kò rántí tan án mọ́.

Alága wá sọ̀rọ̀ lórí bí ó ti yẹ kí ará oko máa dá sí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ibi tó ń gbé. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba imú jáde. Nígbà tó tán, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ géètì nawọ́ sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi rí ọwọ́ wa, òun náà nawọ́. Ó rò pé àkókò ọ̀rọ̀ òun ti tó ni. Ó dìde, ó sọ tẹnu rẹ̀, ó ń tọ́ka sí ọ̀nà odò, àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì sì nawọ́ tì í lẹ́yìn.

“The people have spoken,” ni alága wí. “Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ tó?”

Mo pariwo pé obìnrin yẹn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n tan ohùn rẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ti dìbò tán. Gbọ̀ngàn bú sí àtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì dé ibi tí n ó ti wọ bọ́ọ̀sì tó fi pè mí. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, àwọn ò gbọ́ wa, ṣùgbọ́n àwọn rí bí a ṣe pàtẹ́wọ́ nígbà tí òun sọ̀rọ̀ tán. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí sìmẹ́ǹtì máa dé.

Inú bí mi. Mo ní, “Àǹtí, wọn ò gbọ́ yín rárá. Géètì ni wọ́n fẹ́ kọ́, kí wọ́n lè kọ orúkọ sí i.”

“Ó dáa,” ó ní. “Tí ọmọ mi bá ń rọbí, a ó gbé e gba abẹ́ géètì yín, kó lè ka orúkọ yín kó tó dé etí odò.”