Lẹ́tà Mẹ́wàá Ni FoxPro Ń Kà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday kan lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Máníjà wa ní Ìkẹjà pè mí, wọ́n ní kí n gbé ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ láti máa ka àpò ìyẹ̀fun tí à ń tà lọ sórí kọ̀ǹpútà sítọ́ọ̀ wa ní Agége. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Wọ́n ṣì ń dán mi wò níbi iṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá lé mi, ibo ni mo tún fẹ́ rí iṣẹ́ nílùú tó le báyìí?

Èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà pọ̀: Clipper là ń lò ní Ìkẹjà, FoxPro ni ti Agége. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ohun tó bá yé ọ nínú ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yé ọ nínú èkejì. Ṣùgbọ́n Clipper ń jẹ́ kí n kọ function, ìyẹn iṣẹ́ kékeré tí kọ̀ǹpútà máa ṣe, láì sọ ọ́ lórúkọ rárá. Ibi tí mo bá ti nílò rẹ̀ ni màá kọ ọ́ sí, ó parí! FoxPro kò gba ìyẹn. Function tí kò bá lórúkọ, kò lè pè é.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ ní Yorùbá, kó lè tètè yé mi. Èyí tó ń ro àpò tó wọlé pọ̀ di KAGBOGBOAPOWOLE. Èyí tó ń yọ àpò tó jáde kúrò di KAGBOGBOAPOJADE. Bàbá Múfú, àgbàlagbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ náà, tó máa ń fi àwàdà pe èmi ọmọbìnrin ní ìyàwó wọn, rẹ́rìn-ín títí.

"Ìyàwó mi, ṣé o ń ṣe ìkómọ fún ẹ̀rọ ni? Àgbò dà?"

A jọ rẹ́rìn-ín ni o! Láti ọjọ́ yẹn, máníjà ní kí Bàbá má kọ nǹkan kan sínú ìwé mọ́, ẹ̀rọ ti dé.

Lóṣù tó kọjá, máníjà wá yẹ sítọ́ọ̀ wò. Kọ̀ǹpútà sọ pé ìyẹ̀fun kún ibẹ̀ dé òrùlé. Àpò tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan.

"Bàbá, ta lẹ tà á fún?"

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run búra, àwọn oníbúrẹ́dì tó sanwó nìkan ló kó o."

"Ṣé ẹ̀rọ ló wá ń purọ́?"

Ọlọ́pàá mú Bàbá Múfú lọ. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà rò pé Bàbá ló jí i.

Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan ni FoxPro ń kà nínú orúkọ! Ẹ fi ìka kà á wò: KAGBOGBOAP, KAGBOGBOAP. Function kan ṣoṣo ni méjèèjì lójú rẹ̀. Àpò tó jáde, ńṣe ló tún ń rò ó mọ́ èyí tó wọlé.

Mo sáré lọ bá máníjà. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé tí àwọn ọ̀gá àgbà bá gbọ́, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ èmi àti àwọn. Bí mo ṣe jáde, ìyàwó Bàbá ló jókòó síbi géètì iléeṣẹ́ wa pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ. Ìyá náà ní ẹsẹ̀ Bàbá ti wú ní àtìmọ́lé. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọmọ ìyá lè jọra títí, kí ìwà wọn má dọ́gba. Ó yẹ kí n dán ètò náà wò dáadáa kí n tó fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, báwo ni màá ṣe ṣàlàyé lẹ́tà mẹ́wàá fún wọn tó máa yé wọn? Ṣé wọn ò ní ti èmi náà mọ́lé? Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí wọ́n tó gbé Bàbá dé ilé ẹjọ́.